Ẹ̀rọ Kò Lọ́ra, Ìbéèrè Yín Ni Ẹ Kò Yẹ̀ Wò

Ọjọ́ Ìsinmi kì í kọjá kí òbí kan má dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Aládé lẹ́bàá Ìdànrè pé ọmọ òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dátà, kí n jọ̀ọ́ bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá sì bi ọmọ náà pé kí ló rí nínú iṣẹ́ ọ̀hún, á ní inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, oòrùn kì í pa wọ́n. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n kẹ́yìn sí wọn kí n máa lọ. Iṣẹ́ tí mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣe, tó sọ irun orí mi di funfun kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ìjókòó sábẹ́ òrùlé nìkan ni wọ́n rí níbẹ̀. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹni tó bá kà á tán tó ṣì fẹ́ ẹ, kó máa bọ̀.

Morónkẹ́ ni orúkọ mi. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, ìṣirò ni èmi fẹ́ràn. Nígbà tí mo jáde yunifásítì, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Àkúrẹ́ tó ń pín oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn gbà mí síṣẹ́. Owó oṣù wọn kò pọ̀, kò sì burú, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa bójú tó àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà wọn: oògùn tó wọlé, oògùn tó jáde, ilé ìwòsàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tí yóò bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan kan á bi kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè, kọ̀ǹpútà á lọ wá inú àkọsílẹ̀, á sì dáhùn. Èmi ni mo ń rí i pé ìdáhùn náà jáde, kó má sì pẹ́. Gbogbo iṣẹ́ mi nìyẹn láti ọjọ́ tí mo débẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo kúrò. Ó rọrùn lẹ́nu.

Ọ̀gbẹ́ni Fálàdé ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ní ìrunpọ̀ kankan lára, kì í pariwo, kì í sì í gba "ó dà bíi pé" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí o bá sọ fún un pé ó dà bíi pé nǹkan báyìí ló ṣẹlẹ̀, á máa wò ọ́ ni, kò ní dá ọ lóhùn, títí wàá fi padà lọ wá ohun tó dá ọ lójú.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ tuntun, ìròyìn kan wà tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà níparí oṣù. Bí mo bá béèrè rẹ̀ láàárọ̀, a ó ti jẹun ọ̀sán tán kó tó jáde. Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Fálàdé pé ẹ̀rọ wa ti gbó, kó bá wa bẹ àwọn aláṣẹ kí wọ́n ra òmíràn.

Ó ní, "Ibo ló ti pẹ́?"

Mo ní, "Nínú ẹ̀rọ ni, sà."

Ó dìde, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun, ó mú mi lọ sí sítọ́ọ̀ tí a ń kó oògùn sí, ó sì fà mí lé alábòójútó ibẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Páálí oògùn tí wọ́n bá béèrè ni kí n máa tẹ̀ lé láti ìgbà tí wọ́n bá ti béèrè rẹ̀ títí tí yóò fi dé inú ọkọ̀, kí n wá máa sọ fún òun nírọ̀lẹ́ ibi tí àkókò rẹ̀ lọ.

Inú bí mi dé góńgó. Èmi tí mo ka yunifásítì, wọ́n ní kí n máa sáré tẹ̀ lé páálí. Mo sunkún délé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, mo rí i pé páálí kan pẹ́ nítorí pé ẹni tó wá gbà á tò sẹ́yìn èrò, kò tíì kàn án. Òmíràn pẹ́ nítorí pé wọn kò mọ pẹpẹ tó wà, wọ́n ń tú gbogbo sítọ́ọ̀ wò. Òmíràn sì wà, wọ́n tètè rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé e kó ẹrù ju ohun tí apá rẹ̀ ká, ó ń sọ díẹ̀ kalẹ̀ lọ́nà, ó ń padà wá gbé e. Gbogbo wọn ló pẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe wọ́n kò jọra. O lè kọ́ sítọ́ọ̀ tó tóbi ju ìyẹn lọ fún ẹni tó ń tò sẹ́yìn èrò, orí ìlà ni yóò ṣì wà.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Ọ̀gbẹ́ni Fálàdé, kò yìn mí. Ó kàn fa ìjókòó mi jáde fún mi, ó wá fi ohun tí mo fi jẹun láyé hàn mí. Ó ní gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá dáhùn ìbéèrè tán, ó máa ń ṣàkọsílẹ̀ ara rẹ̀: bó ṣe pẹ́ tó lórí ìlà, iye àkọsílẹ̀ tó kà kó tó rí ohun tí a fẹ́, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kún tó ní láti sọ ẹrù kalẹ̀. Pròfáìlì ni àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ ń pè é. Mo ka ti ìròyìn oṣù mi. Gbogbo àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ni kọ̀ǹpútà ń kà kó tó fún mi ní ti oṣù kan, nítorí pé èmi ni mo béèrè bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ.

Ọ̀gbẹ́ni Fálàdé le bí ojú ẹja. Nígbà kan, mo tún ìbéèrè kan kọ, ó sì yá. Mo sáré lọ sọ fún un. Ó bi mí pé kí ló mú kó yá. N kò mọ̀. Ó ní kí n dá a padà sí bó ṣe wà. Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín.

"Morónkẹ́, dá a padà. Àìsàn tí o kò mọ ohun tó wò ó sàn, bó bá tún dé, kí lo fẹ́ ṣe sí i?"

Mo dá a padà, mo ń kùn. Ọjọ́ kejì ni mo tó rí ìdí rẹ̀. Mo bínú sí ọkùnrin yẹn púpọ̀ nígbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀, n kò ní tan yín. Òun náà ni mo sì máa ń fi ọkàn pè nígbà tí mo wà láàárín àwọn tí kò fẹ́ mọ ibi tí nǹkan ti pẹ́.

Ohun èlò iṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Nígbà tí mo débẹ̀, yàrá kan ni kọ̀ǹpútà wà, òun nìkan ló ní ẹ̀rọ amúlétutù, àwa ènìyàn ń lààgùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ tí kò dáhùn, iṣẹ́ parí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Bí ọyẹ́ bá dé, à ń nu eruku bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà kékeré gba ipò ńlá, wọ́n sì pọ̀ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Fálàdé fẹ̀yìntì, ó lọ sí ìlú rẹ̀ ní Èkìtì. Kò pẹ́ tó lọ ni kíláòdù dé.

Kíláòdù yìí, àwọn kan rò pé ojú sánmà ni wọ́n kó dátà wọn sí. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, ó wà ní ilẹ̀ ẹlòmíràn, a ń yá a lò láti ọ̀nà jíjìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo àkọsílẹ̀ wa láti ọdún pípẹ́ la kó síbẹ̀, ó di sítọ́ọ̀ dátà ńlá kan ṣoṣo. Ó tù wá lára. Iná lọ, iná dé, kò kàn án. Pròfáìlì tí Ọ̀gbẹ́ni Fálàdé máa ń fi awò kà lórí ìwé títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi, ó wá di àwòrán aláwọ̀ mèremère. Tẹ̀ ẹ́ báyìí, á sọ fún ọ: ibí ni mo ti dúró, ibí ni mo ti kà ju bó ṣe yẹ, ibí ni ọwọ́ mi ti kún. Wọ́n sè é, wọ́n bù ú sínú abọ́, wọ́n gbé e síwájú wa. Kò sì sí ẹni tó ń ṣí i wò.

Ìdí ni pé bọ́tìnì kan wà níbẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tí o yá á tóbi sí i lójú ẹsẹ̀. Bọ́tìnì yẹn ló ba iṣẹ́ wa jẹ́. Nǹkan falẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tẹ bọ́tìnì. Ó yá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún falẹ̀, wọ́n tún tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀tẹ̀ ń bẹ nílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní Màmá ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Ọlágùnjú ni olùdarí wa nígbà náà. Ènìyàn dáadáa ni, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n kò ní sùúrù, ohun tó bá sì ń tàn yòò kì í kọjá lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì, kó máa fi gbogbo ilé ìwòsàn tí à ń bá ṣiṣẹ́ hàn, kó máa pọ́n, kó máa dúdú, kó sì máa tún ìbéèrè rẹ̀ béèrè ní gbogbo ìgbà. Àlejò tó bá wọlé á la ẹnu sílẹ̀. Èmi lọ ka pròfáìlì ìbéèrè tó ń bọ́ ojú ògiri yẹn, orí mi sì wú. Láti mọ oògùn tó wà nílẹ̀ lónìí, gbogbo àkọsílẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ló ń kà. Ó ń so oògùn kọ̀ọ̀kan mọ́ gbogbo ilé ìwòsàn, àti èyí tó ti rí i rí àti èyí tí kò rí i rí. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń kún, ó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Orí ẹ̀rọ kan náà sì ni àwọn ilé ìwòsàn ti ń béèrè ìbéèrè tiwọn.

Mo sọ ọ́ nípàdé. Mo ní kí á ya àwọn ilé ìwòsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ògiri yìí, kí á sì dín ohun tí ògiri ń kà kù. Ọ̀gá Ọlágùnjú rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká tún fi kún ẹ̀rọ náà ná." Mo tún sọ ọ́ nípàdé kejì. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn mi fẹ́ kó kan ojú ná.

Ìgbà òjò ló kan ojú, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ràfíù, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wá láti ìhà Ìwó láti máa ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó olóko, ń ro ìdí kòkó lẹ́yìn Owena. Paramọ́lẹ̀ tó wà lábẹ́ ewé gbígbẹ bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e sórí ọ̀kadà, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ti tán níbẹ̀. Ìyáàfin Akínwálé tó ń bójú tó oògùn níbẹ̀ ṣe ohun tó yẹ. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó béèrè pé ibo ló sún mọ́ wọn jù tí abẹ́rẹ́ yìí wà.

Ìbéèrè kékeré ni. Àmì tó ń yí po lójú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Obìnrin náà dúró, ó dúró, ó tún un béèrè. Àmì náà ń yí. Ó fi fóònù pe àwọn ilé ìwòsàn mìíràn, òmíràn kò wọlé, òmíràn ń dún ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbé e. Ẹsẹ̀ Ràfíù ti wú dé orúnkún. Nígbà tí kò rí ọ̀nà mọ́, ó ní kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn máa sáré lọ sí Àkúrẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ náà wá, níbi tó dá a lójú pé wọn kò ní ṣàìní in. Ọkọ̀ ti lọ kó tó rántí nọ́ńbà mi.

"Màmá Morónkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ yín kò dá mi lóhùn. Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ń kú lọ níbí."

Mo ṣí pròfáìlì. Ìbéèrè rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Orí ìlà ló wà látàárọ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni ojú ògiri Ọ̀gá Ọlágùnjú. Àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnì kan sì ti ní kí ògiri fi gbogbo ọdún tó kọjá hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ẹ̀rọ ti kún, ó ń sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń padà wá gbé e, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. N kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo pa ìbéèrè ògiri náà. Ojú ògiri ṣókùnkùn, mo gbọ́ tí wọ́n ń pariwo ní ọ́fíìsì kejì. Kí n tó mí síta, ìdáhùn Ìyáàfin Akínwálé ti jáde. Abẹ́rẹ́ náà wà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Aládé.

Aládé níbí. Nítòsí Owena. Ọkọ̀ sì ti wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́.

Wọ́n rán ọlọ́kadà, ó gba abẹ́rẹ́ náà wá, Ràfíù kò kú. Ṣùgbọ́n ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Dókítà sọ fún mi pé kò sí ẹni tó lè búra pé ẹsẹ̀ náà ìbá yè ká ní abẹ́rẹ́ tètè dé. Mo gbà. Kò tù mí nínú.

Mo lọ kí i. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo sọ ibi tí mo ti wá fún wọn, mo ní mo wá bẹ̀ wọ́n. Ràfíù ní wọ́n ti sọ fún òun pé kọ̀ǹpútà kan ló fa ìdádúró. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ yẹn.

Mo ní, "Kò sí ohun tó ń ṣe é, ọmọ mi. Ó ń ka ohun tí kò yẹ kó máa kà."

Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tó ń kà nìyẹn, Mọ̀mí?"

Mo ní a mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kò dá abẹ̀bẹ̀ dúró.

Nígbà tí a ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ fi ojú inú wo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ sọ. Ó ní kí á fi kún ẹ̀rọ. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo gbé pròfáìlì ọjọ́ Ajé yẹn sójú ògiri wọn, mo fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ìbéèrè Ìyáàfin Akínwálé ti ń dúró. Mo ní bí a bá sọ ẹ̀rọ yìí di ńlá bí òkúta Òkè Ìdànrè, ibí yìí ni obìnrin náà yóò ṣì dúró sí. Ọ̀gá Ọlágùnjú wo ògiri náà pẹ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Kí ni ká ṣe, Màmá?"

Ohun tí a ṣe kò gba agbára. A ya àwọn ilé ìwòsàn sórí ẹ̀rọ tiwọn, kékeré, tí ẹlòmíràn kò lè tò sí. A to àkọsílẹ̀ ní ìlú sí ìlú àti oṣù sí oṣù, kí ẹ̀rọ lè fo ohun tí kò kàn án. A mú kí ògiri máa ka àròpọ̀ kékeré tí a ń ṣe láàárọ̀, dípò kó máa tú gbogbo sítọ́ọ̀. Lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan, a ń ka pròfáìlì láti mọ ohun tó yí padà àti ìdí rẹ̀. Ìbéèrè abẹ́rẹ́ ejò wá ń dáhùn kí o tó gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ti ń tẹ bọ́tìnì sí yẹn, a dá a padà sí kékeré, iṣẹ́ kò sì dúró.

Ẹ má rò pé ìgbádùn ló kù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀ka tó ń rí sí ọjà títà wá bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn gbé ìròyìn wọn sórí ẹ̀rọ àwọn ilé ìwòsàn, nítorí pé ibẹ̀ yára. Mo wo ẹni tó gbẹ́nu sọ ọ́ lójú títí ó fi yí ojú padà. Ní ti Ràfíù, ó padà sọ́dọ̀ olóko rẹ̀. Òun ló ń bójú tó kòkó tí wọ́n ń sá báyìí, ó ń fi igi tìlẹ̀ rìn, ó sì ti bí ọmọbìnrin kan.

Mo ti fẹ̀yìntì. Ohun èlò ti tún yí padà: wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tí ènìyàn á bá sọ̀rọ̀ lásán, á bá a kọ ìbéèrè náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lóṣù tó kọjá, Tèmítọ́pẹ́, ọmọbìnrin tó wà nípò mi báyìí, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi ní Aládé. Ó ní ìbéèrè kan ń ni àwọn lára, ó máa ń dé ní gbogbo wákàtí, ó sì ń falẹ̀ sí i. Ó ti ka pròfáìlì rẹ̀ kó tó wá, mo fi ọkàn yìn ín. Ó mọ ibi tó ti pẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni bí yóò ṣe tún un ṣe, nítorí pé ẹ̀rọ tí à ń bá sọ̀rọ̀ yẹn ló kọ ọ́, ó gùn, ó lọ́, ó tún padà.

Mo bi í pé ta ló ń lo ìdáhùn rẹ̀. Kò mọ̀. Ó pe ọ́fíìsì, wọn kò mọ̀. Wọ́n wá a kiri títí wọ́n fi rí i pé ẹni tó ní kí ẹ̀rọ máa béèrè rẹ̀ ti jápa lọ sí Kánádà, ọjọ́ ti pẹ́.

Mo ní, "Pa á."

Ó wojú mi. "Mọ̀mí, bí ẹnì kan bá ń lò ó ńkọ́?"

Mo ní ẹni tó bá ń lò ó yóò pè wá, yóò sì bínú, nígbà náà la ó mọ orúkọ rẹ̀. Ó pa á. Ó gbé fóònù rẹ̀ sáàárín wa lórí tábìlì, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń retí ẹni tí yóò pè.

Kò sí ẹni tó pè. Títí di òní, wọn kò tíì pè.